Ìyá Onísípánà àti Ewúrẹ́ Onírin Wọn

Láti ọjọ́ tí Màmá Àgbà ti fi wá sílẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń ya wá kí wa, tí oníkálukú sì ń sọ ohun tó mọ̀ nípa wọn. Wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni Màmá. Wọ́n ní onísùúrù ni wọ́n, pé wọn kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Mo máa ń dáhùn pé ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá yín sí, àmọ́ nínú ọkàn mi ni mo ń sọ pé, ta tún ni ẹ ń sọ yìí? Màmá tèmi kọ́ o. Màmá tí mo mọ̀, ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo Ajah ń pè ní Ìyá Onísípánà, kò ní sùúrù kankan fún èèyàn. Irin nìkan ni wọ́n ní sùúrù fún. Wọ́n lè jókòó ti nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, kí wọ́n máa ta kẹrosíìnì sí i lára, kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Jọ̀ọ́, dákun, tú sílẹ̀, má ṣe mí báyìí." Ṣùgbọ́n bí ìwọ tó o jẹ́ èèyàn bá béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní, "Ṣé etí rẹ di ni?"

Nítorí náà, èmi ọmọ ọmọ wọn, Rísíkátù, tí àwọn nìkan ń pè ní Àbẹ̀kẹ́, fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe rí gan-an, kí àwọn oníyìn yìí má lọ máa dárò ẹlòmíràn.

Sípánà kékeré kan wà tí kì í kúrò ní ìdí ìró Màmá. Níbi tí obìnrin mìíràn ń so owó mọ́, ibẹ̀ ni Màmá ń so sípánà mọ́. Kódà wọ́n ń gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bí wọ́n bá forí kanlẹ̀, irin á dún gbì lórí sìmẹ́ńtì, gbogbo àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn á máa fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ìyá kan wá bá wọn lẹ́yìn ìrun ọjọ́ Jímọ̀, ó ní, "Ṣẹ́ẹ̀ wá lè fi irin yẹn sílé ni, Ìyá Onísípánà?" Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ọlọ́run tó dá irin náà ni mo wá kí," ni wọ́n sọ.

Ọ̀dọ̀ ọkọ wọn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ irin. Bàbá Àgbà ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi furúùtù iwájú ilé. Màmá ń yan ẹja ní tiwọn, wọ́n ń gbé e lọ tà. Bí ẹja bá ti wà lórí ààrò, wọ́n á lọ jókòó ti ọkọ wọn, wọ́n á bá a di táyà mú, wọ́n á máa wo ohun tó ń ṣe. Èmi ò bá Bàbá Àgbà láyé. Ní nǹkan bí ìgbà tí ogun ń bẹ lápá Ìlà-Oòrùn ni wọ́n kú. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ wọn, mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. Àwọn ẹbí ọkọ wá pín ẹrù. Wọ́n kó agbádá, wọ́n kó rédíò, wọ́n kó kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó wá ku àpótí irinṣẹ́. Bàbá Làtí, àbúrò olóògbé, ni wọ́n rán kí ó gbé e. Kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀, Màmá ti jókòó lé e lórí bí adìyẹ tó ń sàba. Bàbá Làtí ní, "Ìyàwó, dìde. Kí lobìnrin fẹ́ fi sípánà ṣe?" Màmá kò dìde. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ó fi sú àwọn ẹbí, tí oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí Màmá fi sìn wọ́n jáde ni pé, "Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ lọ o. Ọjọ́ tí ṣéènì bá já, ẹ mọ ilé mi."

Ṣéènì já lóòótọ́. Bàbá Làtí fúnra wọn ló ti kẹ̀kẹ́ wá. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe Màmá ní Ìyá Onísípánà, ibi tí orúkọ náà sì ti wá nìyẹn, kì í ṣe ibi tí àwọn tó ń purọ́ nílé òkú ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣe ìyàwó ilé mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Bó jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni, ọkọ rẹ̀ ni. Ó ní láti fún un lórúkọ ẹ̀yẹ. Nígbà tí wọ́n gbé Màmá wọlé, Bàbá Làtí ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin gbígbẹ kan báyìí, Màmá bá sọ wọ́n ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bàbá Làtí wá sanra. Wọ́n sanra débi pé ẹnu ọ̀nà wa ń há wọn, wọ́n sì di olórí ẹbí, síbẹ̀ Màmá ò yí orúkọ náà padà. Wọ́n á kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkọ mi, ẹ káàárọ̀," gbogbo wa á sì sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n nígbà kan bóyá ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi Bàbá Làtí ṣe. Wọ́n ní, "Ọ̀wọ̀ ni. Bí ó bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín, ìwọ lo mọ̀."

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, ọjà ni. Bẹ́ẹ̀dì onírin gíga ni, èyí tí Bàbá Àgbà rà nígbà ìyàwó, gbogbo ohun tó bá sì bàjẹ́ ní àdúgbò ló ń sùn sábẹ́ rẹ̀: sítóòfù tí kò ní ẹsẹ̀, páípù omi, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti jò, ìgbátí kẹ̀kẹ́, àdá tó ti jẹ tán. Bí ẹ bá ní kí wọ́n kó o dànù, ìjà dé nìyẹn. "Kò tíì kú," ni wọ́n á sọ. "Ó ń sinmi ni."

Bàámi, tí í ṣe ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Màmá, kò fẹ́ràn ìwà yìí rárá. Ọ̀gá akọ̀wé ni Bàámi lọ́fíìsì ìjọba, wọ́n fẹ́ràn ohun tuntun, wọ́n fẹ́ràn ohun tó mọ́. Wọ́n ra sítóòfù tuntun wá fún Màmá lọ́jọ́ kan, aláwọ̀ ewé, tó ń dán bíi dígí. Màmá gbàdúrà fún wọn, àdúrà tó gùn. Bàámi lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn lẹ́bàá ọ̀sà, ìgbà tí wọ́n fi máa padà dé, sítóòfù ti wà nílẹ̀ ní wẹ́wẹ́ lórí ẹní, òwú rẹ̀ lọ́tọ̀, ìdérí rẹ̀ lọ́tọ̀. Ha! Bàámi ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. "Màmá! Tuntun ni o!" Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Mo mọ̀ pé tuntun ni. Ìwọ máa ń dúró kí nǹkan bàjẹ́ kó o tó wo inú rẹ̀." Wọ́n tò ó padà o, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Bàámi ò dárí jì wọ́n fún sítóòfù yẹn títí di òní.

Ẹ má rò pé wọ́n le sí wa ṣáá. Òórùn Màmá ni òórùn tí mo fẹ́ràn jù láyé, èéfín ẹja yíyan àti kẹrosíìnì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá gbé mi wá sí Ajah fún ọlidé, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo ń jókòó sí lórí yanrìn, wọ́n á gbé fìtílà kan tó ti bàjẹ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n á ní kí n tú u. Bí mo bá fi ìkánjú fà á, wọ́n á gbá mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bó àgbọn fún mi. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, kó o tó tú nǹkan, kọ́kọ́ wo bí ẹni tó dì í ṣe dì í." Mo ti di olùkọ́ báyìí, mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà ìṣirò.

Ajah ìgbà yẹn kì í ṣe irú èyí tí àwọn onímọ́tò ń sáré kọjá lónìí. Yanrìn funfun ni, àgbọn ni, omi ni. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sí Èkó. Ilé Màmá jẹ́ iyàrá méjì pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀, pápá gbalasa kan sì wà níwájú rẹ̀ títí dé ìdí igi furúùtù. Ìdí igi yẹn ni wọ́n sin Bàbá Àgbà sí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, nítorí Màmá ti sọ fún gbogbo ayé pé ibẹ̀ ni tiwọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ Ọlọ́run fún lórí ara wọn nìyẹn. Wọn ò tọrọ ilé alájà, wọn ò tọrọ Mẹ́kà. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ àwọn ni kí wọ́n tẹ́ àwọn sí.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú ẹbí ọkọ wọn. Ilẹ̀ ẹbí tí opó bá ń gbé, tiẹ̀ ni níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ bá ń tọ́jú rẹ̀. Bí koríko bá bò ó, ilẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ ẹbí nìyẹn, olórí ẹbí lè fi ta ẹni tó bá wù ú lọ́rẹ. Alágbàṣe kò kà, wọ́n á ní ọwọ́ àjèjì ló ro ó. Ọmọ náà kò kà, torí ọmọ ti ní ilé tirẹ̀. Ọjọ́ kejì Iléyá ni gbogbo ẹbí máa ń kiri ilé àwọn opó láti kí wọn. Wọ́n ń pè é ní ìkíni o, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ojú àwọn àgbà máa ń wò. Ní gbogbo ìgbà tí koríko kò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹnikẹ́ni, Màmá ń fi àdá ṣán pápá yẹn, ó mọ́ kedere bí àwo oúnjẹ.

Ìgbà tí ìjọba la ọ̀nà ńlá wá láti Èkó ni nǹkan yí padà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò wá, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á fi bàtà tẹ yanrìn wò, wọ́n á béèrè ẹni tó nilẹ̀. Bàbá Làtí náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dọ̀ wa lemọ́lemọ́, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo pápá Màmá bí ẹni ń wo àgbò Iléyá. Wàhálà tó wá burú jù ni pé ìgbà yẹn gan-an ni ìbàdí Màmá dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àdá, wọn ò ní lè nàró mọ́, àfi ká gbé wọn wọlé. Òjò wá ń rọ̀, koríko ń ga. Ó dé orúnkún, ó kọjá orúnkún. Ó kù díẹ̀ kó bo sàréè Bàbá Àgbà.

Bàámi ti gba fúláàtì ní Jákáńdè, ní Ìlàsàn. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń wá bẹ Màmá. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Omi ń yọ nínú ilé, iná ń tàn. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí jù sílẹ̀ fún wọn."

"Fúláàtì yẹn, òkè àbí ìsàlẹ̀?"

"Òkè ni, Màmá."

"Níbo lẹ ó wá sin mí sí? Lábẹ́ àtẹ̀gùn?"

"Ẹ̀yin náà! Ẹ ò tíì kú!"

"Mi ò tíì kú, àbí? Jẹ́ kí n lọ wá nǹkan ṣe sí koríko mi nígbà náà."

Mo ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà yẹn, mo sì wálé fún ìsinmi gígùn. Mo mú àdá, mo ní kí n bá wọn ṣán an. Wọ́n gba àdá lọ́wọ́ mi. Omi wà lójú wọn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí irú rẹ̀ nìyẹn, àánú wọn sì ṣe mí gidi gan-an. Wọ́n ní, "Ó ní láti jẹ́ ọwọ́ mi, Àbẹ̀kẹ́. Bí ilẹ̀ yìí bá lọ, àárín àwọn tí mi ò mọ̀ ni wọ́n máa lọ tẹ́ mi sí."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Màmá gbé ẹja yíyan lọ fún oníbàárà wọn kan ní Ìkòyí. Ìgbà tí wọ́n padà dé, wọn ò jókòó, wọn ò mu omi. Wọ́n ní àwọn rí ọkùnrin kan nínú ọgbà ilé kan tó ń ti ẹ̀rọ lórí koríko, koríko sì ń fò sókè lẹ́yìn rẹ̀. "Ọkùnrin náà kò bẹ̀rẹ̀ o, Àbẹ̀kẹ́! Ó nàró ni! Ó nàró báyìí bí ẹni tó ń lọ sóde!" Wọ́n rìn gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti fi hàn mí. Mo ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, iye rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Màmá ní, "Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ rírà?" Wọ́n tẹjú mọ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n mú táyà méjì lára kẹ̀kẹ́ kékeré tí Bàámi gùn lọ́mọdé. Wọ́n mú irin eléyín, ńlá kan àti kékeré kan, irú èyí tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ máa ń rọ̀ mọ́. Wọ́n fi ọ̀kan síbi táyà, wọ́n fi ìkejì sára páípù omi kan tó dábùú lókè rẹ̀, wọ́n wá fi ṣéènì so méjèèjì pọ̀, kó lè jẹ́ pé bí táyà bá ń yí, páípù náà á máa yí. Wọ́n fi ayùn irin gé àdá tó ti jẹ tán sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ páípù, wọ́n sì fi fáìlì pọ́n ọn títí ó fi lè fá irun. Báàfù tó ti jò ni wọ́n dà bò ó, kí abẹ má baà gé wọn lẹ́sẹ̀. Ó wá ku ohun tí wọ́n máa fi tì í. Mo lọ pọnmi, ìgbà tí mo máa dé, ẹní ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nínú iyàrá. Wọ́n ti gé bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Sátidé, Bàámi dé. Wọ́n wọ iyàrá, wọ́n jáde, wọ́n tún wọlé lọ wò ó. "Màmá, bẹ́ẹ̀dì ìyàwó yín?"

"Ọkọ tó rà á ni mo fẹ́ lọ sùn tì," ni Màmá wí. "Gbé bóòtù yẹn fún mi." Bàámi gbé e fún wọn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tì í, ìtìjú ni. Abẹ ń yí jẹ́jẹ́, ó kàn ń fọwọ́ pa koríko lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Màmá dojú bú u: "O ò lójútì! O ò jẹun kánú!" Wọ́n jókòó tì í, wọ́n wò ó lọ wò ó bọ̀, wọ́n wá pariwo. Irin eléyín kékeré ni wọ́n fi síbi táyà, ńlá ni wọ́n fi sókè. Wọ́n pààrọ̀ wọn. Abẹ wá ń yí fìrìfìrì, koríko ń fò. Wọ́n yọ̀, wọ́n wá ṣe ohun tí gbogbo ará etí òkun máa ń ṣe sí irin tí wọ́n bá fẹ́ kó dáa: wọ́n fi òróró àgbọn kun ṣéènì náà dáadáa, bí ẹní ń kun ara ọmọ tuntun. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀rọ fi dúró gbagidi. Yanrìn Ajah ti lẹ̀ mọ́ òróró, ó ti di mọ́ ṣéènì lára bí àkàrà. Iléyá sì ti kù fẹ́ẹ́rẹ́. Màmá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, wọ́n fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, wọ́n nù ún gbẹ, wọn ò sì fi nǹkan kan kùn ún mọ́. Láti ìgbà yẹn, gbígbẹ ló ń ṣiṣẹ́. Ó ń ké ṣáá, a lè gbọ́ igbe rẹ̀ láti etí ọ̀sà. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Ewúrẹ́ Onírin.

Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àárọ̀, Màmá á nàró sẹ́yìn ewúrẹ́ wọn, gèlè lórí, sípánà nídìí, wọ́n á máa tì í lọ tì í bọ̀. Bí koríko bá ga jù, wọ́n á gbé iwájú rẹ̀ sókè, wọ́n á kọ́kọ́ gé orí. Mo máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò wọ́n. Bí mo bá rántí wọn, bí mo ṣe ń rí wọn nìyẹn, òórùn koríko tútù sì máa ń wá sí imú mi.

Ọjọ́ kejì Iléyá pé. Bàbá Làtí ló ṣáájú, agbádá wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹbí tẹ̀ lé wọn. Gbogbo pápá ti mọ́, àfi ojú kan báyìí lápá ibi igi furúùtù tí Màmá fi sílẹ̀. Bàbá Làtí dúró, wọ́n wò ó yíká.

"Ìyàwó, ta ló ro ilẹ̀ yìí?"

Màmá kúnlẹ̀. "Èmi ni, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkọ mi."

"Ìbàdí wo lo fi bẹ̀rẹ̀?"

"Mi ò bẹ̀rẹ̀. Mo nàró ni." Wọ́n ti ewúrẹ́ jáde.

Ariwo ta. Bàbá Làtí yí ẹ̀rọ náà po, wọ́n fọwọ́ kan báàfù, wọ́n fọwọ́ kan abẹ. Wọ́n wá yíjú sí ẹbí, wọ́n ní, "Òfin wa ní ọwọ́. Ẹ̀rọ ló ro èyí. Ẹ̀rọ kì í ṣe ọwọ́." Bàámi wò mí, mo mọ̀ pé Jákáńdè ló wà lọ́kàn wọn.

Màmá ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ yìí kì í dá rìn. Ẹ bá mi dì í mú, ọkọ mi, kí ẹ wò ó bóyá ó lè lọ láìsí ọwọ́."

Bàbá Làtí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni kò ní lọ? Wọ́n bọ́ agbádá. Wọ́n ti ẹ̀rọ síbi koríko tó ṣẹ́kù. Kò lọ. Wọ́n ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tì í tagbáratagbára, ó bá ké, koríko bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Ó dùn mọ́ Bàbá Làtí! Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, òógùn ń ya lójú wọn, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn. Èmi wá rò ó wò. Bí wọ́n bá ní ọwọ́ àwọn ló ro ibẹ̀ ńkọ́? Mo fa aṣọ Màmá, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n ti wọlé lọ.

Ìgbà tí Bàbá Làtí gé koríko tó kẹ́yìn, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ igi, omi tútù ti dé ọwọ́ wọn, àwo ìrẹsì ti dé iwájú wọn, ẹran àgbò gbọ̀ngbọ̀n lórí rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá lójú gbogbo ẹbí. Wọ́n ṣì ń lá ìka lọ́wọ́ nígbà tí Màmá kúnlẹ̀ síwájú wọn, tí wọ́n sì gbé ohùn sókè:

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi ṣe ọ̀wẹ̀, ẹ sì jẹ oúnjẹ ọ̀wẹ̀. Ọlọ́run á fún ẹ̀yin náà lẹ́ni tó máa bá yín ṣe tiyín."

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Èèyàn kì í ṣe ọ̀wẹ̀ lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, tó ro ilẹ̀, tó tún jókòó jẹ oúnjẹ tó o sè fún iṣẹ́ náà, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ìwọ lo nilẹ̀. Ìka Bàbá Làtí ṣì wà lẹ́nu wọn. Ìyàwó wọn àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ẹbí bá gbà á. Bàbá Làtí wo àwo, wọ́n wo pápá, wọ́n wo Màmá tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ni ikùn wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, àwọn náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Dìde, ìyàwó wa. Ilẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má bi ọ́ léèrè rẹ̀ mọ́."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi Màmá bóyá wọ́n ti gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi fi koríko díẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń fọ àwo. Wọ́n ní, "Mo kàn rí i pé ebi ń pa wọ́n ni."

Ìbàdí wọn ò san, ó wá mú ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n gbà nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín kí Bàámi gbé wọn lọ sí Jákáńdè nítorí ọsibítù. Ara wọn ò balẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo àárọ̀ ni wọ́n ń béèrè, "Ta ló ń ro ilẹ̀ mi?" A ní Bàbá Làtí ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, pé kò sí ohun tó lè ṣe é. Wọn ò gbà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n bí ọmọdé. Bàámi, tó kórìíra ìpẹtà, tó kórìíra ìdọ̀tí, bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ajah ní gbogbo Sátidé láti lọ ti ewúrẹ́ onírin. Wọ́n á padà dé pẹ̀lú koríko lára ṣòkòtò, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan wá fún Màmá. Màmá á gbé e sí imú, wọ́n á fà á símú títí, wọ́n á ní, "Ó dáa. Mo lè sùn."

Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n sùn tí wọn ò jí mọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Alàásárì, a ti gbé wọn dé Ajah. Bàbá Làtí ti wà nídìí igi kí a tó dé, wọ́n ti fi ọ̀pá fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ sàréè ẹ̀gbọ́n wọn, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń gbẹ́ ẹ. Mo sunkún débi tí ohùn mi fi lọ. Ìgbà tí mo nu ojú tán, mo wo àwọn àgbà ẹbí tó dúró yíká lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dúró de ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kankan tó bi wá pé ilẹ̀ ta ni.